Ẹ́ńjìnnì bàálù kékeré: wákàtí ni wọ́n ń kà, owó ni wọ́n ń tọ́jú

Nígbà tí àwọn ọmọ ìyá méjì kan, Wilbur àti Orville Wright, ń múra láti fò lókè, wọ́n kọ lẹ́tà sáwọn iléeṣẹ́ tó ń ṣe ẹ́ńjìnnì mọ́tò pé kí wọ́n ta ọ̀kan tó fúyẹ́ fún àwọn. Wọn ò rí èyí tó bá tiwọn mu. Ṣọ́ọ̀bù kẹ̀kẹ́ ni wọ́n ní nílùú Dayton, ní ìpínlẹ̀ Ohio, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Ibẹ̀ ni mẹkáníìkì wọn, Charles Taylor, jókòó sí, tó sì fi nǹkan bíi ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kan ẹ́ńjìnnì onísìlíńdà mẹ́rin jọ fún wọn. Agbára ẹṣin 12 péré ni ẹ́ńjìnnì náà ní, kò fi bẹ́ẹ̀ ju ti ọ̀kadà lọ, àmọ́ òun ló gbé wọn fò lọ́jọ́ kẹtàdínlógún, oṣù Kejìlá, ọdún 1903.

Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn ò mọ̀ ni pé títí dòní olónìí, iṣẹ́ títún ẹ́ńjìnnì bàálù kékeré ṣe kò tíì kúrò lọ́wọ́ àwọn oníṣọ́ọ̀bù kéékèèké. Àwọn bàálù ńlá tó ń kó èrò láti Èkó lọ sí London, ẹ́ńjìnnì jẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ń lò, àwọn iléeṣẹ́ ńláńlá ló sì ń tọ́jú wọn. Ṣùgbọ́n bàálù oníjókòó mẹ́rin tí wọ́n fi ń kọ́ àwọn awakọ̀ bàálù níṣẹ́, písítìnnì ló wà nínú ẹ́ńjìnnì tiẹ̀, bó ṣe wà nínú dánfó àti jẹnẹrétọ̀. Ẹni tó ń fi irú bàálù bẹ́ẹ̀ ṣòwò, yálà ó fi ń kọ́ èèyàn níṣẹ́ ni o, tàbí ó ń yá a fáwọn tó fẹ́ẹ́ fò, mọ̀ pé ẹ́ńjìnnì yẹn ló lè sọ òun di olówó, òun náà ló sì lè ti ìlẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù òun pa.

Ẹ mú bàálù tí wọ́n ń pè ní Cessna 172 gẹ́gẹ́ bí àpẹẹrẹ. Lọ́dún 1956 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tà á, èyí tí wọ́n sì ti ṣe jáde ti lé ní 44,000. Kò sí bàálù mìíràn tí wọ́n tíì ṣe tó bẹ́ẹ̀ láyé. Láti ọdún 1968 ni ẹ́ńjìnnì Lycoming, tí wọ́n ń ṣe nílùú Williamsport, ní ìpínlẹ̀ Pennsylvania, ti wà nínú ọ̀pọ̀ nínú wọn. Èyí tí wọ́n ń pè ní O-320 jẹ́ onísìlíńdà mẹ́rin, méjì nà sápá òsì, méjì nà sápá ọ̀tún. Inú rẹ̀ tóbi, ó lé ní lítà márùn-ún, síbẹ̀ agbára ẹṣin 150 tàbí 160 ló ń mú jáde. Ẹni tó mọ mọ́tò dáadáa lè rẹ́rìn-ín, torí ẹ́ńjìnnì mọ́tò oní-lítà méjì lè mú iye yẹn jáde lónìí láìlàágùn.

Àmọ́ ìyàtọ̀ wà níbẹ̀. Mọ́tò kì í lo gbogbo agbára rẹ̀. Láti Ìbàdàn dé Ilọrin, ìwọ̀nba díẹ̀ nínú agbára ẹ́ńjìnnì ni awakọ̀ ń lò, àfi tó bá fẹ́ẹ́ ya ẹlòmíì sílẹ̀ tàbí tó ń gun òkè. Ti bàálù kò rí bẹ́ẹ̀. Ìdá 65 sí 75 nínú ọgọ́rùn-ún agbára rẹ̀ ló ń lò láti ìgbà tó bá ti délẹ̀ lókè títí tó fi máa sọ̀ kalẹ̀, ó sì lè tó wákàtí mẹ́ta tàbí mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan náà. Kò sì síbi tó ti máa páàkì sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì bí nǹkan bá yíwọ́. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ṣe é kó tóbi, kó máa rọra yí, kò gbọdọ̀ ju ìyípo 2700 lọ ní ìṣẹ́jú kan. Kò ní rédíétọ̀, atẹ́gùn tó ń fẹ́ sí i lára ló ń mú kó tutù. Púlọ́ọ̀gì méjì-méjì ló wà lórí sìlíńdà kọ̀ọ̀kan, magneto méjì ló sì ń fún wọn níná. Magneto ò bá bátìrì ṣe. Bí gbogbo iná inú bàálù bá kú pátápátá, ẹ́ńjìnnì á ṣì máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ.

Kí awakọ̀ tó gbéra, á tẹ ẹ́ńjìnnì dé nǹkan bíi 1700 tàbí 1800, á pa magneto kan, á wo bí ìyípo ṣe já wálẹ̀ sí, á tan án padà, á tún pa èkejì. Bó bá já wálẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, bàálù ò ní kúrò nílẹ̀ títí tí wọ́n á fi mọ ohun tó ṣẹlẹ̀.

Iléeṣẹ́ tó ń ṣe ẹ́ńjìnnì yìí kì í fi kìlómítà ka ọjọ́ orí rẹ̀, wákàtí ni wọ́n fi ń kà á. Fún ọ̀pọ̀ nínú ẹ́ńjìnnì Lycoming onísìlíńdà mẹ́rin, wákàtí 2000 tàbí ọdún 12 ni wọ́n kọ sílẹ̀, èyí tó bá kọ́kọ́ pé nínú méjèèjì. Ẹ́ńjìnnì Rotax 912 tí wọ́n ń ṣe lórílẹ̀-èdè Austria, tó wà nínú àwọn bàálù tó tún kéré sí i, wákàtí 2000 tàbí ọdún 15 ni tiẹ̀. Bó bá ti pé, ìmọ̀ràn wọn ni pé kí wọ́n tú u palẹ̀ pátápátá, kí wọ́n yẹ ẹ̀yà rẹ̀ wò lọ́kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n pààrọ̀ èyí tó yẹ, kí wọ́n sì tún un tò.

Wákàtí 2000 lè dà bíi pé ó pọ̀. Jẹnẹrétọ̀ tí oníbúrẹ́dì kan ń lò fún wákàtí mẹ́jọ lójúmọ́ á pé iye yẹn láàárín ọjọ́ 250. Ilé-ẹ̀kọ́ tó ń fi bàálù kan fò fún wákàtí 50 lóṣù, oṣù 40 ló máa fi lò ó tán, ìyẹn ọdún mẹ́ta àti oṣù mẹ́rin. Ẹni tó ra bàálù fún ìgbádùn ara rẹ̀, tó ń fò fún wákàtí 50 péré lọ́dún, á nílò ogójì ọdún kó tó lè pé, ọdún 12 á sì ti pé mọ́ ọn lórí tipẹ́.

Kí ló dé tí wọ́n tún fi ń ka ọdún, nígbà tó jẹ́ pé ẹ́ńjìnnì tí wọn ò lò kò lè jẹ? Ìpẹtà ni. Nínú ẹ́ńjìnnì Lycoming, òkè kíráǹkì ni káàmù-ṣáàfù wà. Bí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́, ọ́ìlì ń ta sí i lára. Bí bàálù bá wà lójú kan fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ọ́ìlì á ro kúrò lára rẹ̀ lọ sísàlẹ̀, omi inú afẹ́fẹ́ á bà lé e, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í dípẹtà. Ìpẹtà tín-ń-tín ni, ojú lè má tètè rí i. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá tún tan ẹ́ńjìnnì náà, ibi tó dípẹtà á máa ha, irin á máa ṣí kúrò lára rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ọ́ìlì á gbé irin náà káàkiri inú ẹ́ńjìnnì. Kò sì sí bí wọ́n ṣe lè pààrọ̀ káàmù láì tú gbogbo ẹ́ńjìnnì palẹ̀.

Àwọn kan rò pé báwọn bá ń tan ẹ́ńjìnnì nílẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ́sẹ̀, wọ́n ti gbà á là. Irọ́ ni. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá ò tó láti mú un gbóná débi tó fi máa lé omi inú rẹ̀ jáde, ńṣe ló tún ń dá omi kún un, torí pé omi wà lára ohun tí epo tó ń jó máa ń mú jáde. Kí wọ́n gbé e fò, ó kéré tán fún ààbọ̀ wákàtí tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ni oògùn rẹ̀. Àwọn tó máa ń tan jẹnẹrétọ̀ ṣọ́ọ̀bù wọn fún ìṣẹ́jú márùn-ún pé kó má baà kú náà lè gbọ́ o.

Ibi tí ọ̀rọ̀ owó ti wọlé gan-an nìyí. Ká ní ṣọ́ọ̀bù kan máa gba dọ́là 40,000 láti tú ẹ́ńjìnnì oníwákàtí 2000 palẹ̀, kó sì tún un tò. Àpẹẹrẹ lásán ni o, torí iye ọ̀hún ń yàtọ̀ láti ṣọ́ọ̀bù kan sí èkejì àti láti ẹ́ńjìnnì kan sí òmíràn. Bí wọ́n bá pín in, dọ́là 20 ló bọ́ sórí wákàtí kọ̀ọ̀kan. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé gbogbo ìgbà tí akẹ́kọ̀ọ́ kan bá fò fún wákàtí kan, tó sì sanwó, dọ́là 20 nínú owó yẹn kì í ṣe ti ẹni tó ni bàálù. Ti ẹ́ńjìnnì ni. Kò tíì ka epo, kò ka ọ́ìlì, kò ka owó olùkọ́, owó inṣọ́ránsì àti owó ibi tí bàálù ń sùn. Oníṣòwò tó mọ nǹkan tó ń ṣe máa ń kó dọ́là 20 yẹn sínú àkáǹtì ọ̀tọ̀, kò sì ní fọwọ́ kàn án bí ọwọ́ rẹ̀ ò bá tiẹ̀ dẹ.

Èyí tí kò mọ̀ ọ́n á máa wò pé owó ń wọlé dáadáa. Ó tiẹ̀ lè dín iye tó ń gbà kù ju tàwọn tí wọ́n jọ ń ṣòwò lọ, kí oníbàárà lè ya wá sọ́dọ̀ rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ohun tó ń tà ní pọ́ọ́kú yẹn, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ni, ó ń gé e tà ní wákàtí-wákàtí. Lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, wákàtí á pé, kò ní sí kọ́bọ̀ nílẹ̀. Bó bá jẹ́ pé owó báńkì ló fi ra bàálù, báńkì ò ní torí pé bàálù ò fò mọ́ dá èlé dúró. Bó bá sì ní kóun tà á, àwọn tó ń ra bàálù àlòkù mọ ohun tí wọ́n ń wá. Lára ohun tí wọ́n máa kọ́kọ́ béèrè ni iye wákàtí tí ẹ́ńjìnnì ti lò láti ìgbà tí wọ́n ti tú u palẹ̀ gbẹ̀yìn. Bàálù méjì tí wọ́n ṣe lọ́dún kan náà, tí ọ̀dà ara wọn ṣì ń dán bákan náà, owó wọn lè jìnnà síra gan-an nítorí ìyẹn nìkan.

Kí ọjọ́ ìtúpalẹ̀ tó dé, iṣẹ́ wà tí wọ́n ń ṣe. Wákàtí 50 ni wọ́n ń pààrọ̀ ọ́ìlì àti fílítà, tàbí oṣù mẹ́rin bí bàálù ò bá fò tó bẹ́ẹ̀. Mẹkáníìkì bàálù kì í sọ fílítà tó bá yọ nù. Ó ní irinṣẹ́ tó fi ń gé e bí ìgbà tí wọ́n ń ṣí agolo, á wá tẹ́ bébà inú rẹ̀ síbi tí ìmọ́lẹ̀ wà, á máa wá irin níbẹ̀. Èyí tó bá lẹ̀ mọ́ mágínẹ́ẹ̀tì lè jẹ́ láti ara káàmù tàbí ríǹgì. Èyí tí kò lẹ̀ mọ́ ọn, tó ń dán bíi fàdákà, lè jẹ́ láti ara písítìnnì. Èyí tó pọ́n bí idẹ lè jẹ́ láti ara búúṣì. Àwọn mìíràn tún máa ń bu ọ́ìlì díẹ̀ sínú ìgò, wọ́n á fi ránṣẹ́ sí ilé àyẹ̀wò kí wọ́n bá wọn ka iye irin tó wà nínú rẹ̀. Nọ́ńbà kan ṣoṣo kì í sọ ohun púpọ̀. Bí nọ́ńbà bá fò sókè lójijì ju tàwọn ìgbà tó ti kọjá lọ lọ̀rọ̀ máa ń dé, ẹni tí kò bá sì tọ́jú àwọn ìwé àtẹ̀yìnwá ò ní mọ̀ pé ó fò.

Lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, òfin ní kí bàálù tó ń gbé èrò fún owó, tàbí tí olùkọ́ mú wá láti fi kọ́ èèyàn fún owó, lọ fún àyẹ̀wò ní gbogbo wákàtí 100, yàtọ̀ sí èyí tí gbogbo bàálù ń ṣe lọ́dọọdún. Lára ohun tí wọ́n ń ṣe níbẹ̀ ni àyẹ̀wò kan tó yẹ kí gbogbo oníṣẹ́ ẹ́ńjìnnì mọ̀. Wọ́n á gbé písítìnnì dé òkè pátápátá níbi tí fáàfù méjèèjì ti tì, wọ́n á wá fi kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ fẹ́ atẹ́gùn wọlé láti ojú ihò púlọ́ọ̀gì, wọ́n á gbé géèjì rẹ̀ sí 80, wọ́n á sì wo iye tí sìlíńdà lè dì mú. Ẹnì kan gbọ́dọ̀ di abẹ̀bẹ̀ iwájú bàálù mú ṣinṣin, torí atẹ́gùn yẹn lágbára tó láti yí i, ó sì lè ṣe èèyàn léṣe. Bí sìlíńdà bá di 72 mú nínú 80, ó dáa. Bó bá ń lọ sísàlẹ̀ 60, ó yẹ kí wọ́n wádìí rẹ̀.

Etí ló wúlò jù níbẹ̀. Mẹkáníìkì á tẹ́tí síbi tí atẹ́gùn ti ń sá jáde. Bó bá ń dún ṣìì láti ẹnu sàlẹ́ńsà, fáàfù tó ń tú èéfín jáde ló ń jò. Bó bá ń jáde láti ojú ibi tí wọ́n ń rọ ọ́ìlì sí, ríǹgì ló ti jẹ. Bó bá ń jáde láti ẹnu kábúrétọ̀, fáàfù tó ń gba afẹ́fẹ́ wọlé ni. Láìtíì yọ ohunkóhun ju púlọ́ọ̀gì lọ, ó ti mọ yàrá tí àìsàn náà wà. Lẹ́yìn náà ni á ti kámẹ́rà tẹ́ẹ́rẹ́ kan bọ ojú ihò náà kó lè rí ojú fáàfù. Èyí tó bá ṣì ń ṣiṣẹ́ dáadáa, àwọ̀ rẹ̀ á tò yíká lọ́gbọọgba. Èyí tó ti ń jó, apá kan etí rẹ̀ á ti yàtọ̀ sí ìyókù. Sìlíńdà kan yẹn nìkan ni wọ́n máa yọ ṣe, wọn ò ní fọwọ́ kan mẹ́ta tó kù. Ẹni tí kò bá mọ èyí lè san owó mẹ́rin lórí àìsàn ẹyọ kan.

Bí ọjọ́ ìtúpalẹ̀ bá wá pé, kíráǹkì-ṣáàfù ni wọ́n ń wò jù. Lẹ́yìn tí wọ́n bá ti fọ gbogbo ẹ̀yà, tí wọ́n sì ti fi irinṣẹ́ tó ń ka ìwọ̀n tó kéré ju fọ́nrán irun lọ wọ̀n wọ́n, wọ́n á fi iná mànàmáná sọ kíráǹkì di mágínẹ́ẹ̀tì, wọ́n á da omi tó ní lẹ́búlẹ́bú irin sí i lára, wọ́n á wá tan iná aláwọ̀ àràmàǹdà kan sí i nínú òkùnkùn. Bí ibì kan bá ti sán lára rẹ̀, bó ti wù kó tín-ín-rín tó, lẹ́búlẹ́bú yẹn á tò sójú ibẹ̀ bí ìlà, á sì máa tàn yanran. Ẹjọ́ tán nìyẹn. Wọn kì í jó kíráǹkì tó ti sán pọ̀ bí ẹni jó férémù ọ̀kadà. Wọ́n á gbé e jù sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ẹni tó ni bàálù á sì lọ wá owó òmíràn. Bó bá sì jẹ́ pé abẹ̀bẹ̀ ti gbá ilẹ̀ nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́, ìmọ̀ràn Lycoming ni pé kí wọ́n tú u yẹ̀ wò, ì báà jẹ́ àná ni wọ́n tò ó tán.

Àwọn oníbàárà mìíràn kì í dúró de tiwọn, ńṣe ni wọ́n ń ṣe pàṣípààrọ̀. Wọ́n á fi ògbólógbòó ẹ́ńjìnnì wọn sílẹ̀, wọ́n á gba èyí tí ṣọ́ọ̀bù ti ṣe tẹ́lẹ̀. Ògbólógbòó yẹn wà lára owó tí wọ́n san. Bí ṣọ́ọ̀bù bá tú u tí wọ́n rí i pé kíráǹkì inú rẹ̀ ti sán, ìwé á tún dé pé kí oníbàárà wá san sí i. Kò burú kéèyàn ka àdéhùn dáadáa kó tó tọwọ́ bọ̀ ọ́.

Orúkọ tí wọ́n bá fi pe ẹ́ńjìnnì tún ṣe pàtàkì, torí òfin Amẹ́ríkà ti sọ ìtumọ̀ wọn. Èyí tí wọ́n bá pè ní overhauled ni èyí tí wọ́n tú, tí wọ́n fọ̀, tí wọ́n yẹ̀ wò, tí wọ́n tún ibi tó bàjẹ́ ṣe, tí wọ́n tún tò, tí wọ́n sì dán wò. Èyí tí wọ́n bá pè ní rebuilt gbọ́dọ̀ bá ìwọ̀n ti tuntun mu. Iléeṣẹ́ tó ṣe ẹ́ńjìnnì náà tàbí ẹni tí wọ́n fọwọ́ sí nìkan ló lè fún èyí ní ìwé àkọsílẹ̀ tuntun tó bẹ̀rẹ̀ láti òdo. Fún ti àkọ́kọ́, gbogbo wákàtí tó ti lò láti ọjọ́ tí wọ́n ti ṣe é gbọ́dọ̀ wà nínú ìwé rẹ̀, kódà bí wọ́n ti tú u palẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ẹni tó ti ra ẹ́ńjìnnì tòkunbọ̀ rí, tí wọ́n ní kò tíì rìn jìnnà nílùú òyìnbó, á mọ ìdí tí irú òfin yẹn fi dára.

Ohun kan tún wà tó máa ń ya àwọn onímọ́tò lẹ́nu. Bí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ fi sìlíńdà tuntun sínú ẹ́ńjìnnì bàálù, wọn kì í kẹ́ ẹ. Agbára tó pọ̀ ni wọ́n fi ń lò ó láti ọjọ́ àkọ́kọ́, kí ríǹgì lè rí ara sìlíńdà jẹ díẹ̀, kí wọ́n sì jọ bára wọn mu. Bí awakọ̀ bá rọra ń lò ó bí ẹyin, ọ́ìlì á jó mọ́ ara sìlíńdà, ara rẹ̀ á máa dán bíi gíláàsì, ríǹgì ò sì ní dì í mú mọ́ láéláé. Ọ̀pọ̀ ń lo ọ́ìlì lásán tí kò ní èròjà àfikún títí tí ọ́ìlì tó ń jẹ fi máa dúró lójú kan.

Ṣé dandan ni kí wọ́n tú ẹ́ńjìnnì palẹ̀ lọ́jọ́ tí wákàtí 2000 bá pé? Àríyànjiyàn ńlá wà lórí èyí. Ní Amẹ́ríkà, òfin ò fi dandan mú ẹni tó ń fò fún ara rẹ̀. Bí sìlíńdà bá dára, tí fílítà mọ́, tí ọ́ìlì ò sì jẹ jù, ó lè máa lò ó lọ. Àwọn tó fara mọ́ èyí ní ẹ̀rí kan tí wọ́n máa ń tọ́ka sí láti ìgbà Ogun Àgbáyé Kejì. Onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan, C. H. Waddington, wádìí lórí àwọn bàálù ológun tó ń wá ọkọ̀ abẹ́ omi àwọn ará Jámánì kiri. Ní gbogbo wákàtí 50 ni wọ́n ń tọ́jú wọn. Ohun tó rí ni pé gẹ́rẹ́ lẹ́yìn tí wọ́n bá tọ́jú bàálù tán ló máa ń yọnu jù, á wá máa fara balẹ̀ bí wákàtí bá ṣe ń lọ. Ìyẹn ni pé ọwọ́ àwọn mẹkáníìkì fúnra wọn wà nínú ohun tó ń bà á jẹ́. Ọdún 1973 ni ìwé tó kọ lórí rẹ̀ tó jáde síta.

Nǹkan tuntun náà kò sì ní kí nǹkan má ṣẹlẹ̀. Lóṣù Kejì, ọdún 2023, iléeṣẹ́ Continental, tó ń ṣe ẹ́ńjìnnì nílùú Mobile, ní ìpínlẹ̀ Alabama, kéde pé àwọn ẹ́ńjìnnì kan táwọn ṣe láti oṣù Kẹfà, ọdún 2021 nílò àyẹ̀wò, torí ó ṣeé ṣe kí òrùka tó ń di ohun kan mú lára kíráǹkì má jókòó dáadáa. Àwọn bàálù olówó ńlá tí kò tíì pé ọdún méjì ló wà lára èyí tó dúró sílẹ̀. Síbẹ̀, ẹni tó ń gba owó lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́, tí òbí akẹ́kọ̀ọ́ sì ń bi í léèrè, ó sàn kó má gbára lé àríyànjiyàn yẹn jù. Bí ẹ́ńjìnnì bá lo wákàtí 2300, èrè ni. Kò yẹ kó ti ná èrè náà kó tó rí i.

Epo náà wà níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ẹ́ńjìnnì wọ̀nyí ṣì ń lo bẹntiróòlù tí wọ́n fi òjé sí. Òjé yẹn máa ń dì sẹ́nu púlọ́ọ̀gì, ó sì léwu fún ara. Lóṣù Kẹsàn-án, ọdún 2022, ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí i pé kí ẹ́ńjìnnì písítìnnì lè lo epo kan tí kò ní òjé, G100UL. Ète wọn ni pé kí epo olójèé ti kúrò lọ́jà nígbà tí ọdún 2030 bá fi máa parí. Ní ọ̀pọ̀ ibi nílẹ̀ Áfíríkà, bẹntiróòlù bàálù ọ̀hún ṣòro ó rí, ó sì wọ́n, nígbà tí epo jẹ́ẹ̀tì wà ní pápákọ̀ òfurufú ńláńlá. Èyí ló jẹ́ kí ojú àwọn kan yí sí ẹ́ńjìnnì písítìnnì tó lè lo epo jẹ́ẹ̀tì, ìyẹn ti dísẹ̀lì. Ilé-ẹ̀kọ́ ìmọ̀ bàálù ti ìjọba àpapọ̀ ní Zaria, tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1964, náà ti ra bàálù Diamond tó ń lo irú rẹ̀.

Ìtàn bí ẹ́ńjìnnì dísẹ̀lì yìí ṣe bẹ̀rẹ̀ ló sì yẹ kí gbogbo ẹni tó ń fi ẹ̀rọ ṣòwò gbọ́. Iléeṣẹ́ kan ní Jámánì, Thielert, mú ẹ́ńjìnnì dísẹ̀lì inú mọ́tò Mercedes A-Class, wọ́n tún un ṣe fún bàálù, wọ́n sì gba ìwé àṣẹ rẹ̀ lọ́dún 2002. Agbára ẹṣin 135 ni, kọ̀ǹpútà ló ń darí rẹ̀, epo tó ń jẹ sì kéré. Diamond fi méjì-méjì sínú bàálù DA42, àwọn ilé-ẹ̀kọ́ sì ń dù ú rà. Ṣùgbọ́n wọn kì í tú ẹ́ńjìnnì yìí palẹ̀ ṣe. Bí wákàtí rẹ̀ bá pé, yíyọ ni wọ́n ń yọ ọ́ fi òmíràn rọ́pò, wákàtí 1000 ló sì kọ́kọ́ jẹ́. Kó tó débẹ̀, ní gbogbo wákàtí 300 ni wọ́n ń yọ gíà rẹ̀ fún àyẹ̀wò. Àwọn oníbàárà ò ka èyí sí nǹkan kan, torí gàráńtì Thielert ń gbé púpọ̀ nínú ìnáwó náà. Nígbà tí wọ́n jókòó ṣírò owó wákàtí kan, gàráńtì yẹn ni wọ́n fi ṣírò rẹ̀.

Lóṣù Kẹrin, ọdún 2008, Thielert wọ gbèsè, wọ́n lọ sí kóòtù. Ẹni tí kóòtù yàn láti máa bójú tó o sọ pé iléeṣẹ́ tó ti jẹ gbèsè ò lè máa gbé ìnáwó gàráńtì àtijọ́ mọ́. Ẹ̀yà tó jẹ́ ọ̀fẹ́ tẹ́lẹ̀ di ohun tí wọ́n ń fowó rà, owó rẹ̀ sì tún lọ sókè. Láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀, ìṣirò tó dára lórí bébà dojú dé. Bàálù tó ń mú èrè wá lóṣù Kẹta ti ń jẹ gbèsè lóṣù Karùn-ún, bẹ́ẹ̀ kò sí ohun tó ṣe ẹ́ńjìnnì rẹ̀. Àwọn kan tì í sílẹ̀ torí wọn ò ní owó gíà. Diamond ní tiwọn ti ń ṣiṣẹ́ lórí ẹ́ńjìnnì míì, AE300, tó tinú dísẹ̀lì Mercedes jáde bákan náà, iléeṣẹ́ Austro Engine ló sì ń ṣe é. Wọ́n gba ìwé àṣẹ rẹ̀ lọ́dún 2009.

Lọ́dún 2013, Continental, tí iléeṣẹ́ AVIC ti orílẹ̀-èdè China ti rà lọ́dún 2011, ra ohun tó kù nínú Thielert. Wọ́n ṣì ń ṣe ẹ́ńjìnnì náà, wọ́n ti yí orúkọ rẹ̀ padà, wákàtí tí wọ́n fún un sì ti pọ̀ ju ti ìbẹ̀rẹ̀ lọ. Bí wákàtí ọ̀hún bá pé lónìí, wọn kì í tú u palẹ̀, òmíràn ni oníbàárà ń rà, àpò ara rẹ̀ ló sì ń ti yọ owó rẹ̀.